Fèrè Tí Wọ́n Gbà Lọ́rùn Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kìíní

Wọ́n gba fèrè lọ́wọ́ mi lónìí. Níwájú gbogbo olùkọ́ ni, ní ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ sáà, nígbà tí a ti jẹ búrẹ́dì tán. Màdáámù Kporku, ọ̀gá àgbà wa, nu ẹnu rẹ̀, ó ní lọ́dún yìí, tíṣà tuntun ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ní yíyan bí ọmọ ogun fún ìdíje ọjọ́ òmìnira, èmi yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà.

"Sà Fiagbedzi, ẹ ti ṣe é títí orúnkún yín fi ń dún bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé gbà á. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ fèrè náà lọ́rùn, mo nà án sí tíṣà tuntun náà, ọmọbìnrin kan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Sitsofe Adzraku lorúkọ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni. Apá Hohoe, láàárín àwọn òkè, ni wọ́n bí i sí, kò rí òkun rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. "Efo" ló ń pè mí, bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wa, tí èmi sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọyẹ́ mú. Ètè gbogbo ọmọ ló ti là.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kìíní

Dzatugbui ìyàwó mi béèrè ìdí tí mi ò fi jẹ òkèlè akple mi tán. Mo ní ọbẹ̀ ilá náà ò dùn.

"Ọbẹ̀ tí o jẹ lánàá tí o fi ìka lá àwo náà ni."

Ife ẹ̀yẹ yíyan tí a gbà lọ́dún tó kọjá ni mò ń rò. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, àwọn alántakùn ti tàkùn sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tó wọlé tí kì í kọ́kọ́ wò ó. Èmi ni mo gbà á wálé. Tí ọmọbìnrin yìí bá gba òmíràn bọ̀ láti Anloga ní ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, fèrè ti di tirẹ̀ nìyẹn, èmi á di ẹni tó ń máàkì ìwé lábẹ́ igi. Tí wọn ò bá gbà á, Màdáámù Kporku á kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, fèrè á sì padà sí ọrùn tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Oṣù Kìíní

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó lábẹ́ igi àgbọn, mo ní mò ń máàkì ìwé. Ìwé kan ṣoṣo ni mo máàkì, mo sì ṣì í máàkì.

Kò mú pàṣán dání. Òun fúnra rẹ̀ wọ kàńfáàsì, ó bọ́ sáàárín wọn, ó ń yan pẹ̀lú wọn lórí iyanrìn, tó bá ṣìṣe yóò pa ẹnu rẹ̀ dé pẹ̀lú ọwọ́, àwọn ọmọ á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín, lórí pápá tí mo ti ń yan. Nígbà tèmi, bí eṣinṣin bà lé ọmọ nímú, eṣinṣin náà á dúró gírí ni.

Edudzi tó ń lu ìlù rí mi, ó kí mi, ó sì yára yíjú sí Màdáámù rẹ̀. Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń di igi ìlù mú.

Mo ń jowú. Mo kọ ọ́ síbí nítorí kò sí ibòmíràn tí mo lè sọ ọ́. Mò ń jowú ọmọ tí mo lè bí.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kìíní

Ó wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú lẹ́sìn nóòtù rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Efo, ẹ dákun. Gbogbo ọjọ́ Àìkú mi ni nóòtù yìí ń jẹ. Màdáámù Kporku sì tún dá a padà fún mi. Ẹ̀yin, báwo lẹ ṣe ń rí tiyín kọ tán?"

Mo wò ó. Ó ti kọ ọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń kọ ìwé ìtàn. Mo ní, "Ta lo ń kọ gbogbo èyí fún? Ọ̀gá àgbà ò ní àyè. Ohun tí o máa ṣe, ohun tí ọmọ máa ṣe, bí o ṣe máa mọ̀ pé ó yé wọn. Ó parí. Kọ ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì kí o tó kúrò níléèwé, nígbà tí o ṣì rántí ohun tí kò yé wọn."

"Ọjọ́ Ẹtì. Olúwa ò, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì."

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ nǹkan kan ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún béèrè nípa ọmọkùnrin kan ní kíláàsì rẹ̀ tó máa ń pariwo dí wọn lọ́wọ́. Mo ní kó fi í ṣe ẹni tí yóò máa pa bọ́ọ̀dù rẹ́. Ọmọ aláriwo, iṣẹ́ ló ń wá. Dzatugbui gbé ẹja dídín jáde fún un, ó sì ń pè é ní ọmọ mi, ọmọ mi. Nígbà tó lọ tán, mo rí i pé inú mi dùn. Ó dùn mí pé inú mi dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kejì

Kẹ́ńkè ti gbówó lórí, ó sì tún kéré sí i. Ẹni tó ń tà á ní ọ̀rọ̀ àgbàdo ni, kí n má bá òun jà.

Ìyá tó ni ọkọ̀ apẹja ńlá, tí ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń yan, gbé abọ́ ẹja wẹ́wẹ́ kọjá níwájú ilé mi lónìí. Lọ́dọọdún, ọ̀dọ̀ mi ni abọ́ yẹn máa ń dúró sí. Mo ti dìde láti kí i.

"Ẹ kú ilé o, Sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilé Màdáámù Máàṣì nìyẹn?"

Màdáámù Máàṣì. Sà Máàṣì ni wọ́n ń pè mí ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí ọmọbìnrin yẹn. Mo fi ọwọ́ júwe ilé náà fún un. Mo tilẹ̀ lé ajá kúrò lọ́nà fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kejì

Ohun tí mo mọ̀ tí kò mọ̀ nìyí. Iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀ wa, láti etí òkun títí dé etí ọ̀sà. Ẹsẹ̀ kì í dún lórí iyanrìn. Ọmọ tó bá kọ́ yíyan lórí rẹ̀, ìlù nìkan ló ń gbọ́. Lọ́jọ́ tó bá wá fi bàtà tẹ títì ọlọ́dà ní Anloga, yóò gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, yóò gbọ́ ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, etí rẹ̀ á fi ìlù sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì dàrú níwájú àwọn ọlọ́lá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kó wọn lọ sójú títì tó wà níwájú ilé iyọ̀ nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí ọjọ́ náà, kí etí wọn lè mọ ohùn ẹsẹ̀ wọn.

Sà Ahorlu olóògbé ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Mi ò bi í. Òun ló pè mí.

Sitsofe ò tíì bi mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kejì

Ọyẹ́ ti ń lọ, ooru ti ń padà. Dzatugbui ń gé àlùbọ́sà, kò wò mí lójú.

"Ṣé o ti sọ ti títì fún ọmọ yẹn?"

"Yóò bi mí."

"Báwo lèèyàn ṣe ń béèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà?"

"Ọ̀gá àgbà ní ọmọdé ló kàn. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé ṣe é."

"Gershon." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Obìnrin ni wọ́n máa ń ní ó ń jowú. Èmi ni mo yẹ kí n máa jowú, kí n máa ṣọ́ ọ nítorí tíṣà kékeré tó rẹwà. Ìwọ lo wá ń jowú rẹ̀. Òjòwú ò lẹ́ran láyà o, wo bí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára rẹ."

Mo ní ọṣẹ tó fi ń fọ̀ ọ́ ló mú un fẹ̀.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?" ló wí. "Àwọn tó yan lọ́dún tó kọjá mọ̀."

"Ọmọ wo ló máa là tíṣà lójú pé bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ nìyí? Ní iléèwé tiwa?"

Ó tún gbé ọ̀bẹ. Ó ní àlùbọ́sà ló ń mú òun sunkún, kí n má wo òun bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kejì

Ó yẹ kí wọ́n ti wà lójú títì. Orí iyanrìn ni wọ́n wà.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kejì

Ó bi mí. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní yàrá olùkọ́ ni, àwa méjì péré. Ó ń fi omi mu gààrí nítorí owó oṣù rẹ̀ ò tíì jáde, bó ṣe máa ń rí fún gbogbo tíṣà tuntun. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má gba àwìn lọ́wọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó mú oníṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, kó sì jẹ́ kí oníṣọ́ọ̀bù náà mọ ìyá rẹ̀. Ó gbọ́. Gbogbo ohun tí mo bá sọ fún ọmọ yìí ló ń gbọ́, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Ó gbé ife gààrí sílẹ̀. "Efo, yíyan yìí. Ẹ máa ń jókòó sábẹ́ igi yẹn, ẹ máa ń wò wá, ẹ kì í sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ojú yín rí nǹkan. Kí ni mi ò tíì ṣe?"

Ó wà lẹ́nu mi. Títì ọlọ́dà, níwájú ilé iyọ̀, ní àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ohun tí ẹnu lè sọ kí gààrí rẹ̀ tó wú ni.

Ìgbà náà ni mo rí fèrè lọ́rùn rẹ̀. Ó ti fi okùn aláwọ̀ pupa pààrọ̀ okùn mi.

Mo ní, "Apá wọn. Sọ fún wọn kí wọ́n na apá dáadáa."

"Apá," ló wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kejì

Wọ́n ń na apá. Wọ́n ń nà án dáadáa.

Kekeli, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin, tó máa ń ṣíwájú ìlà, pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. "Sà, ẹ ṣeun o, Sà." Mo bi í pé fún kí ni. Ó ní, "Fún gbogbo rẹ̀, Sà," ó sì sá lọ. Ó lè jẹ́ ti ìdánwò ìṣirò tí mo dá padà fún wọn, mo ṣàánú wọn díẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 Oṣù Kejì

Mo wà lóko àlùbọ́sà láti kùtùkùtù. Omi kànga ti lọ sísàlẹ̀, iyọ̀ sì ti ń wọ̀ ọ́. Àwọn oníbàárà láti Accra dé, iye tí wọ́n dá lé àpò kan kò tó owó ajílẹ̀. Wọ́n ní àlùbọ́sà òkè ọya ti kún ọjà. Mo tà díẹ̀, mo gbé ìyókù sí òrùlé.

Ẹ̀yìn mi ń ro mí. Mo gbọ́ ìlù lápá ilé iyọ̀, mo sì ń rò ó pé òkú ta ni wọ́n ń sin ní àárọ̀ bẹ́ẹ̀. Èèyàn ń kú o, a ò tilẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Oṣù Kejì

Sitsofe wá kí wa. Owó oṣù rẹ̀ ti jáde, ti gbogbo oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́ papọ̀, ó ra ọṣẹ àti súgà wá fún Dzatugbui. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń bá wa ya ewé àlùbọ́sà.

Ó ní ìró òkun kì í jẹ́ kí òun sùn. Níbi tí wọ́n bí òun sí, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òkè kì í sọ nǹkan. Mo ní kó gbé orí ibùsùn rẹ̀ sí apá ọ̀sà, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọjú sí òkun.

"Efo, kí ló mú yín pẹ́ níbí? Àwọn ẹgbẹ́ yín ti di ọ̀gá ní Ho. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa wá ọ̀nà àtilọ kí ẹsẹ̀ mi tó wọlẹ̀ síbí."

Mi ò tíì ronú nípa rẹ̀ rí, ẹnu mi kàn ń sọ ọ́ ni. Mo ní nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ tíṣà, èmi náà fẹ́ lọ. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ní màá lọ tí ọdún bá parí. Ṣùgbọ́n ọdún kì í parí fún tíṣà. Tí o bá kọ́ ọmọ kan débi kan, àbúrò rẹ̀ á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Má lọ torí pé wọ́n ń lọ. Lọ lọ́jọ́ tí o bá rí i pé ohùn ara rẹ ló ń wù ọ́ gbọ́ ní kíláàsì ju ti àwọn ọmọ lọ."

Dzatugbui ń wò mí bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mi. Mo rò ó pé ìsinsìnyí ni. Ọ̀sẹ̀ kan ṣì kù, àwọn ọmọ yẹn gbọ́n, ọ̀sẹ̀ kan á tó wọn. Mo la ẹnu.

Ni Sitsofe bá ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Torí àwọn ọmọ ti mú mi búra pé èmi ni màá kó wọn lọ lọ́dún tó ń bọ̀ náà. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ẹlòmíràn."

Mo pa ẹnu mi dé. Mo bi í bóyá ó fẹ́ omi.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Oṣù Kẹta

Wọ́n yan fún gbogbo iléèwé wò lórí pápá. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ wọn mọ́, ó dára débi pé ó dùn mí nínú. Ìlà wọn gún, apá wọn ń lọ pọ̀. Màdáámù Kporku ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Sà Fiagbedzi, ẹ rí i? Ẹ rí i?"

Mo rí i. Ẹsẹ̀ wọn ò dún rárá.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹta

Mo gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò ní kọ ohun tí mo gbà á fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ ṣú, kò rọ̀. Nígbà tí a jáde iléèwé, mo gba ilé tí Sitsofe ń gbé lọ, mo ti pinnu pé màá sọ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti pẹ́ jù. Ó kéré tán, kó ní kí wọ́n máa fi ojú wo ẹsẹ̀ ẹni iwájú, kí wọ́n má fi etí ṣe é.

Àgbàlá rẹ̀ kún. Àwọn ìyá ọmọ ló wà níbẹ̀, wọ́n gbé irin ìlọṣọ eléèédú wá, wọ́n ń lọ aṣọ, wọ́n ń fi ẹfun kun kàńfáàsì, ẹ̀rín ń sọ. Ẹnì kan ti dáná abólò àgbàdo fún gbogbo wọn. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe é, kò sí ìyá kan tó lọ aṣọ kan nílé mi. Èmi ni mi ò ní kí wọ́n wá, òtítọ́ ni, mo ní àbùkù ni fún ọmọ ogun kí ìyá rẹ̀ máa lọ aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò bẹ̀ mí náà.

Ọ̀kan nínú wọn rí mi lẹ́nu géètì. "Sà, ṣé ẹ̀ ń wá nǹkan ni?"

Mo ní rárá, mò ń kọjá lọ ni.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹta

Mo ti jókòó ti ìwé yìí láti ìgbà tí a ti dé, mi ò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn Anloga mú láti àárọ̀. Àwọn ọlọ́lá jókòó sábẹ́ àtíbàbà, àwa ìyókù dúró létí títì. Dzatugbui wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìborùn bo orí. Iléèwé kan láti etí òkun bíi tiwa ló ṣáájú wa. Wọ́n dára lórí iyanrìn tó wà lẹ́bàá títì. Bí wọ́n ṣe tẹ ọ̀dà báyìí, ẹsẹ̀ wọn ń dún gbàràgàdà bí àgbọn tó ń já sórí páànù. Mo rí i lójú àwọn ọmọ náà, bí ẹni pé ẹnì kan ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ kan dúró pátápátá. Àwọn èèyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé tiwa ló kàn. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣubú, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Sitsofe fọn fèrè. Edudzi lu ìlù. Kekeli ló ṣíwájú, àgbọ̀n rẹ̀ lókè. Wọ́n kúrò lórí iyanrìn, wọ́n tẹ ọ̀dà.

Gbà. Gbà. Gbà. Gbà.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Gbogbo wọn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Kò sí ọmọ tó wolẹ̀, kò sí èyí tó wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú àtíbàbà, gbogbo orí yí lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ ò sì yẹ̀. Mo ti ń pàtẹ́wọ́ kí n tó rántí pé inú mi ò dùn.

Ojú ọmọ tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lójú títì rí máa ń yàtọ̀. Mo mọ ojú yẹn, èmi ni mo máa ń fi sójú wọn. Ta ló fi í sí i lọ́dún yìí?

Wọ́n pe àwọn tó gba ipò kẹta, wọ́n pe èkejì. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ wa, Màdáámù Kporku dì mọ́ mi, ó sì tẹ orúnkún tó ń dùn mí. Sitsofe gun orí pèpéle, wọ́n nawọ́ ife sí i, kò gbà á. Ó ní kí wọ́n fún òun ní máìkì.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ló ni ife yìí. Orí òkè ni mo ti wá, mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí kì í dún lórí iyanrìn máa dún lórí títì. Ọ̀gá mi, Efo Fiagbedzi, mọ̀. Ẹlòmíràn ì bá wá bú mi níwájú àwọn ọmọ pé mi ò mọṣẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rán àwọn ọmọ sí mi ní jẹ́jẹ́ pé kí n máa kó wọn lọ sójú títì ilé iyọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Kò wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí n má baà rò pé ó ń ṣọ́ mi. Mo tilẹ̀ bi í lójúkojú pé kí ló kù. Ó ní apá ni. Nítorí pé kò fẹ́ kí n dúpẹ́. Efo, ẹ dákun, ẹ wá gba nǹkan yín."

Wọ́n tì mí lẹ́yìn. Mo gun òkè. Gbogbo èèyàn dìde. Ìyá ọlọ́kọ̀ apẹja bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi ń fẹ́ mi. Àgbà kan lábẹ́ àtíbàbà ní irú tíṣà tó yẹ kó kún ilẹ̀ yìí nìyẹn. Wọ́n fi ife sí mi lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò mi, èmi sì ń rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni èèyàn tún lè ṣe lórí pèpéle?

Mo wo ìsàlẹ̀. Nínú gbogbo èrò yẹn, Dzatugbui nìkan ni kò pàtẹ́wọ́.

Nílé, ó gbé akple síwájú mi, ó fi orí ẹja tó tóbi jù sí i. "Jẹun, tíṣà rere," ló wí, ó sì lọ jókòó síta.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Gbogbo olùkọ́ ló bọ̀ mí lọ́wọ́ ní àárọ̀ yìí. Sitsofe ti so fèrè náà mọ́ okùn mi àtijọ́, ó gbé e sórí tábìlì mi. Mo gbé e padà sórí tirẹ̀. Ó rò pé ìwà rere ni ìyẹn náà.

Mo pe Kekeli sábẹ́ igi àgbọn nígbà ìsinmi.

"Ta ló sọ fún Màdáámù pé mo rán yín?"

"Èmi ni, Sà."

"Nígbà wo ni mo rán ọ?"

"Ẹ ò rán mi, Sà." Ó ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ walẹ̀. "Ẹ máa ń kó wa lọ lọ́dọọdún. A retí yín, a retí yín. A rò pé orúnkún ni kò jẹ́ kí ẹ lè rìn débẹ̀. Mi ò sì lè wí fún Màdáámù pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ni mo bá ní ẹ̀yin lẹ ní ká sọ fún wọn."

"O mọ̀ pé irọ́ nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sà."

Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí mi kí n nà án. Bí mo ṣe kọ́ wọn nìyẹn, ẹni tó bá jẹ̀bi kì í dúró kí wọ́n pè é. Ó gbé ọwọ́ náà dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wò mí, kò bẹ̀rù.

"Ṣùgbọ́n Sà," ló wí, "ká ní a bi yín ni, ṣé ẹ ò ní ní ká lọ?"

Mo ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó padà sí kíláàsì.

Láti oṣù Kìíní ni mo ti rò pé Sitsofe ni mò ń jowú. Kekeli ti ní ọkùnrin kan lọ́kàn, tó dá a lójú débi pé ó fi ẹnu ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ láìbi í. Ọkùnrin náà ni gbogbo Anloga dìde fún lánàá. Òun ni mò ń jowú báyìí, mi ò sì mọ bí màá ṣe gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè é.